Lẹ́yìnkùlé, Lábẹ́ Ọsàn Wẹ́wẹ́

Ó tó ọdún méjì tí mo fi ń lé labalábá kiri inú igbó pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn. Àwòrán ewé tí wọ́n fò kúrò lórí rẹ̀ ni mo kó jọ. Igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan lẹ́yìnkùlé ilé tí mo háyà n'Íbàdàn ló wá kọ́ mi níṣẹ́.

Labalábá ọsàn ni mò ń wí, ẹlẹ́wù dúdú tó ní àwọ̀ ìyeyè, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Papilio demodocus. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń yé ẹyin sórí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú, ẹyin náà kò sì ju orí píìnì lọ. Kòkòrò tó ń tibẹ̀ jáde jọ ìgbẹ́ ẹyẹ gẹ́lẹ́: ó dúdú, funfun là á láàárín. Mo ti fọwọ́ ara mi nu méjì dànù rí kí n tó mọ̀! Tó bá bọ́ awọ lẹ́ẹ̀kẹrin, á di aláwọ̀ ewé. Ẹ fọwọ́ kàn án, á yọ ìwo rírọ̀ méjì lẹ́yìn orí, òórùn á sì gbalẹ̀.

Àárọ̀ kùtù ni mo máa ń yà wọ́n, kí atẹ́gùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í mi ewé. Mi ò kì í lo fíláàṣì. Páálí funfun ni mo fi ń da ìmọ́lẹ̀ oòrùn sábẹ́ ewé.

Ìgbà tó bá yó tán ni mo fẹ́ràn jù. Á fi òwú ara rẹ̀ so ìdí mọ́ ẹ̀ka, á ta òwú kan gba ẹ̀yìn, á wá fara tì í bí adẹ́mu tó wà nínú igbà lórí ọ̀pẹ. Kò ní jẹ, kò ní rìn. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo ṣọ́ ọ̀kan. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ihò yọ lára rẹ̀, agbọ́n wínníwínní bíi kantíkantí sì ń tibẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àṣé wọ́n ti jẹ ẹ́ tán nínú! Inú bí mi, mo sáà yà wọ́n. Títí dòní, n kò tíì ya àwòrán tó dára tó yẹn.

Èkejì là ní tirẹ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ rún bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lómi, ó ń nà díẹ̀díẹ̀. Bàbá onílé bá mi níbẹ̀, pọ́ǹpù oògùn kòkòrò lọ́wọ́ wọn.

"Ṣé èyí tó ń jẹ ewé ọsàn mi lẹ wá ń yà ní fọ́tò?"

"Òun ni, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀."

Wọ́n gbé pọ́ǹpù sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó títí ìyẹ́ fi gbẹ.

"Ó mà rẹwà o," ni wọ́n wí. "Ẹ sọ fún un kó lọ yé sí ọsàn ẹlòmíì."