Aró: Àwọ̀ Tí Afẹ́fẹ́ Ń Parí

Ẹni tí kò bá tíì dúró nídìí ìkòkò aró rí lè rò pé inú omi ni aṣọ ti ń dúdú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí aláró bá fa aṣọ yọ, àwọ̀ ewé tó ti ń pọ́n ló máa ń wà lára rẹ̀, omi tó ń ro láti ibẹ̀ sì jọ omi ewúro. Ìyá aláró á gbọ̀n ọ́n, á tú gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀ kí atẹ́gùn lè kàn án. Kò ní í pẹ́ tí aṣọ náà á fi máa ṣú bọ̀ bí ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́: á kúrò ní àwọ̀ ewé, á di àyìnrín, á sì máa lọ sí dúdú. Ìta ni iṣẹ́ náà ti ń parí, lójú gbogbo ayé.

Púpọ̀ nínú ohun tí à ń kọ nípa àdìrẹ kì í dé ibí yìí. Orí àwòrán ni a máa ń dúró lé. A ó ka ẹyẹ, a ó ka ejò, a ó túmọ̀ orúkọ aṣọ, a ó sì yin ọwọ́ tó yà á. Bí àwọ̀ náà ṣe dé ara aṣọ kì í sábà sí nínú ọ̀rọ̀, àfi bí ẹni pé ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún. Lámèyítọ́ tó bá fẹ́ mọ ohun tó sọ aró di iṣẹ́ ọnà ní láti kọ́kọ́ ṣí ọmọrí ìkòkò.

Ewé èlú ni Yorùbá ń lò. Ewéko tó ń fà gun igi ni, Lonchocarpus cyanescens sì ni àwọn onímọ̀ ewéko sọ ọ́. Ó yàtọ̀ sí Indigofera tinctoria tí àwọn ará Íńdíà ń gbìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹbí ẹ̀wà ni àwọn méjèèjì. Wọ́n á gún ewé tútù nínú odó, wọ́n á ṣù ú rìbìtì, wọ́n á sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Ìṣù yìí ni wọ́n ń gbé lọ sọ́jà. Eérú ni ohun kejì. Wọ́n á gbé ìkòkò kan lé èkejì: ti òkè ní ihò nídìí, eérú ló kún inú rẹ̀, omi tí wọ́n bá dà sí i á sì máa ro díẹ̀díẹ̀ sínú ti ìsàlẹ̀. Omi eérú tó ta dáadáa yìí ni wọ́n ń rẹ èlú sí, wọ́n á bò ó, wọ́n á sì fún un ní ọjọ́ mélòó kan kó kan.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ọmọrí jẹ́ àgbà ẹ̀kọ́ kẹ́míkà. Kò sí aró nínú ewé tútù. Ohun tí kò ní àwọ̀ kankan ló wà níbẹ̀, indican lorúkọ rẹ̀: indoxyl tí ewé náà ti so mọ́ ṣúgà ni. Bí ọmọ odó bá ti fọ́ ewé, ṣúgà á já kúrò. Indoxyl tó ṣẹ́kù á pàdé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, á sì di indigo, ìyẹn àwọ̀ tí à ń wá gan-an. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé indigo kì í yọ́ nínú omi. Bí ìyẹ̀fun òkúta ló máa ń rí, òwú kò sì lè mu ohun tí kò yọ́. Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń jẹ ewé tó ń kan nínú ìkòkò, ló ń yanjú ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ wọn ló ń sọ indigo di nǹkan mìíràn tó lè yọ́ nínú omi eérú, tí àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n. Ìyẹn ni òwú ń mu. Tí aṣọ bá wá jáde, ọ́síjìn á sọ ọ́ padà sí indigo nínú òwú tó ti wọ̀, omi ìfọṣọ kò sì ní í rí i yọ́ mọ́.

Àwọn aláró kò pe ọ́síjìn lórúkọ, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìkòkò tó ti gbó yàtọ̀ sí èyí tí kò tíì gbó. Òórùn rẹ̀ ń sọ, ìfófòó orí rẹ̀ ń sọ, bó ṣe ń yọ̀ lọ́wọ́ náà ń sọ. Ìyá Màpó, òrìṣà tó ni ìkòkò mímọ àti aró, ni wọ́n máa ń bẹ̀ kí ìkòkò má bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi èyí rẹ́rìn-ín, kó rántí pé ohun ẹlẹ́mìí ló ń ṣiṣẹ́ nínú omi yẹn lóòótọ́. Bí òtútù bá mú un, tàbí tí oúnjẹ rẹ̀ tán, iṣẹ́ á dúró. Ní Kánò, inú kòtò ilẹ̀ ni wọ́n ti ń re aró, ọkùnrin ló sì ni iṣẹ́ náà; lọ́dọ̀ Yorùbá, ìkòkò ni, obìnrin ló ni í.

Dúdú ni à ń pe ohun tó ti inú ìkòkò yìí jáde, kódà nígbà tí ojú òyìnbó bá rí i bíi búlúù. Ní 1969, Brent Berlin àti Paul Kay tẹ ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí orúkọ àwọ̀ nínú èdè ayé. Wọ́n ní èdè tó bá ní orúkọ àwọ̀ mẹ́ta péré, funfun, dúdú àti pupa ni yóò jẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè yára fi Yorùbá sínú àpótí aláwọ̀ mẹ́ta yẹn. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò tíì bá aláró ná ọjà. Funfun lè jẹ́ báláú tàbí kinniwin, pupa lè jẹ́ fòò, dúdú sì lè dé kirikiri. Àyìnrín ni aṣọ tó wọ aró ní ìwọ̀nba. Ẹtù ni aṣọ òfì tí aró rẹ̀ jinlẹ̀, tí ilà tín-ín-rín gba inú rẹ̀ kọjá, tí wọ́n sì fi ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù sọ ní orúkọ. Láàárín àyìnrín àti dúdú, iye ìgbà tí aṣọ wọ ìkòkò tó sì jáde ni ìyàtọ̀. Ohun tí dúdú ń sọ fún oníbàárà nìyí: iṣẹ́ tó ti wọlé, ọjọ́ tó ti lọ, owó tó yẹ kó san.

Nígbà tí èyí ń lọ lọ́wọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ibà ló bí ilé iṣẹ́ àwọ̀ ti òde òní ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1856, William Perkin, ọmọ ọdún 18, ń gbìyànjú láti fi ohun tí wọ́n rí lára ọ̀dà èédú ṣe kuníìnì, oògùn ibà tí àwọn òyìnbó kò lè ṣe aláìní nílẹ̀ wa. Kuníìnì kò jáde. Ìdọ̀tí dúdú kan ló rí nídìí ìgò, ṣùgbọ́n nígbà tó fi ọtí líle pò ó, àwọ̀ elésè àlùkò tó mọ́ rokoṣo ló yọ sí i. Perkin kò padà sídìí kuníìnì. Ilé iṣẹ́ aláró ló dá sílẹ̀.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yìí gbà padà sílé dùn ún sọ. Ní 1876, Heinrich Caro ti ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì ṣe àwọ̀ kan tó ń jẹ́ methylene blue, wọ́n sì fẹ́ fi pa òwú láró. Paul Ehrlich rí i pé àwọ̀ náà máa ń wọ inú kòkòrò ibà, ní 1891 òun àti Paul Guttmann sì fi tọ́jú aláìsàn ibà méjì ní Berlin. Ara methylene blue yìí náà ni Gustav Giemsa ti fa àwọ̀ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò yọ. Nínú yàrá àyẹ̀wò ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu lónìí, bí wọ́n bá kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì tí wọ́n sì da àwọ̀ Giemsa lé e, ara kòkòrò ibà á yọ ní búlúù, ọkàn rẹ̀ á pọ́n. Àṣìṣe ẹni tó ń wá oògùn ibà ti di ojú tí a fi ń rí ibà.

Ti aró fúnra rẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Adolf von Baeyer ṣe indigo láìlo ewé ní 1880, ní 1883 ó mọ bí a ṣe to ó, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1905. Mímọ̀ ọ́n ṣe nínú ìgò kò túmọ̀ sí pé ó ṣe é tà. Ó ná BASF ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 18 owó máàkì kó tó rọrùn fún wọn, oríire ńlá kan tó sì bá wọn ni pé tẹ̀mọ́mítà kan fọ́ sínú ohun tí wọ́n ń sè. Mẹ́kúrì tó dà sí i ló mú kí iṣẹ́ tó ti ń fà yára. Ní 1897, ọjà náà jáde. Lọ́dún yẹn, aró tí wọ́n rí láti ara ewé jẹ́ nǹkan bíi 19,000 tọ́ọ̀nù, Íńdíà ló sì ń pèsè èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tó máa fi di 1914, kò ju 1,000 lọ mọ́.

Páálí aró Jámánì dé Abẹ́òkúta náà, òun àti kọ́sítíìkì sódà. Ìlú náà ti di ibùdó àdìrẹ nígbà yẹn. Aṣọ funfun òyìnbó ń dé, àwọn oníṣòwò sì ń wá láti Gold Coast àti Senegal wá ra èyí tí wọ́n ti pa láró. Sódà gba iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ lọ́wọ́ eérú. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi ń ráhùn pé aṣọ ń ṣá, pé ó ń ya. Ní àárín ọdún 1930 sí 1939, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi òfin de sódà àti aró òyìnbó. Àwọn obìnrin aláró kò gbà. Wọ́n gba lọ́yà, ọ̀rọ̀ náà sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba amúnisìn fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936.

A ti máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ojúlówó ló ń bá ayédèrú jà. Kò fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Indigo tó ti inú èlú wá àti èyí tó ti Jámánì wá, nǹkan kan náà ni. Bí wọ́n ṣe to kábọ́ọ̀nù, háídírójìn, nàítírójìn àti ọ́síjìn inú wọn kò yàtọ̀ ní ìwọ̀n abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ní aró òyìnbó kì í ṣe aró kò rí ẹ̀rí kankan dìmú. Àmọ́ aṣọ tó ṣá ti ṣá lóòótọ́. Àwọn kan ti fi ìyára sódà gé iye ìgbà tí aṣọ ń wọ ìkòkò kù, wọ́n sì ń ta àyìnrín ní owó dúdú. Ààfin fi òfin mú àpò aró. Ọwọ́ tó ń kánjú ló jẹ̀bi. Àwọn tí wọ́n sì ní kí obìnrin padà sídìí eérú, kì í ṣe àwọn ló ń ru igi tí wọ́n ń sun fún un.

Ní ti àwòrán, ọmọ bíbí ìkòkò ni. Ẹni tó ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ kì í fi àwọ̀ yà á: funfun ló ń pa mọ́. Láfún tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù sè ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà sójú aṣọ, ibi tí ẹ̀kọ yìí bá sì bò ni aró kò ní í dé. Ó máa ń jò díẹ̀, nítorí náà funfun ibẹ̀ kì í dé báláú. Àyìnrín fẹ́ẹ́rẹ́ a máa wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí àdìrẹ Ìbàdàndùn, tó ní òpó gbọ̀ngàn Màpó àti ṣíbí lára, jọ ohun tí ènìyàn ń wò nínú òṣùpá. Àdìrẹ Olóba tí wọ́n fi ṣàjọyọ̀ ọdún 25 Ọba George Karùn-ún lórí oyè ní 1935 ní ojú ọba àti ayaba nínú, síbẹ̀ aró ló borí wọn. Ẹ̀kọ wà lójú aṣọ nìkan, kò sí lẹ́yìn, nítorí náà ẹ̀yìn ojúlówó ẹlẹ́kọ máa ń dúdú ju ojú rẹ̀ lọ. Ti ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó wọlé báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń ṣì. Ẹni tó bá ń ra aṣọ ní ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, kó yí i padà wò.

Nígbà tó yá, aṣọ kàm̀pálà dé pẹ̀lú àbẹ́là àti àwọ̀ oríṣiríṣi, ó sì lẹ́wà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, àwọ̀ di ohun tí à ń yàn láti inú agolo; kò jẹ́ ohun tí à ń dúró dè mọ́.

Ibi tí aró pọ̀ sí jù láyé lónìí ni ṣòkòtò jíǹsì, èyí tí Levi Strauss àti Jacob Davis gba ìwé àṣẹ ìdè onírin ara rẹ̀ ní 1873. Ẹ̀rọ máa ń ki òwú bọ aró, á fà á jáde sí afẹ́fẹ́, á tún kì í bọ̀ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ìyá aláró ṣe ń ṣe. Ìyàtọ̀ ni pé ara òde òwú nìkan ni wọ́n jẹ́ kó mu ún. Inú rẹ̀ funfun, kó lè ṣá. Aláró ilẹ̀ wa, tó máa ń fi kùmọ̀ lu aṣọ tó ti dúdú títí yóò fi máa dán, á wò wọ́n bí ẹni tó ń sun owó. Wọ́n á pa á láró tán, wọ́n á tún san owó fún ẹni tí yóò bó o.

Ẹ̀rọ náà kò lo kòkòrò tàbí eérú. Kẹ́míkà tó ń jẹ́ hydrosulphite ló ń bá wọn yọ́ indigo, omi rẹ̀ sì ń ba odò jẹ́. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Berkeley, ní Kalifọ́níà, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí èyí. Ara ewé aró tí àwọn ará Japan ń lò ni wọ́n ti yá ohun tó ń so indoxyl mọ́ ṣúgà, wọ́n fi í sínú bakitéríà kó lè máa ṣe indican fún wọn. Ṣúgà tí odó ń já kúrò lára ewé ni wọ́n ń ná owó ìwádìí láti so padà. Tí wọ́n bá fẹ́ pa aṣọ láró, wọ́n á fi ohun tó ń já a bọ̀ ọ́, hydrosulphite kò sì ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀ mọ́. Òwú funfun tí wọ́n fi dán an wò kò dúdú lójú ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló bá wọn parí rẹ̀.