Ẹkún Àyálò: Ìtúpalẹ̀ Orin "I'm a Honky Tonk Girl" ti Loretta Lynn

Ìfáárà

Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ ṣe àyẹ̀wò orin tí Loretta Lynn, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká olórin kọ́ńtírì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi wọ agbo àwọn olórin ní ọdún 1960. Orin náà kò gùn rárá. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Síbẹ̀, ó gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tí ó kan gbogbo ẹni tí ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀: nígbà tí akọrin bá sọ pé "èmi", ta ni ó ń sọ̀rọ̀ gan-an? Èrò wa ni pé "èmi" inú orin yìí kì í ṣe Lynn fúnra rẹ̀, àti pé inú àlàfo tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì ni agbára orin náà wà.

Akọrin àti Ìbẹ̀rẹ̀ Orin Náà

Ọdún 1932 ni wọ́n bí Lynn ní Butcher Hollow, ìgbèríko kan ní ìpínlẹ̀ Kentucky. Awakùsà èédú ni bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí ó fẹ́ Oliver Lynn, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ṣí lọ sí ìpínlẹ̀ Washington. Ọkọ rẹ̀ ni ó ra gìtá fún un, òun náà ni ó sì tì í síta láti máa kọrin ní ilé ọtí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960, Lynn gba orin yìí sílẹ̀ ní Hollywood fún iléeṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ Zero. Tọkọtaya náà ni wọ́n wọ ọkọ̀, tí wọ́n ń gbé àwo orin náà láti iléeṣẹ́ rédíò kan dé òmíràn kí wọ́n lè bá wọn gbé e sáfẹ́fẹ́. Orin náà dé ipò kẹrìnlá lórí àtẹ orin kọ́ńtírì ti Billboard. Kí ọdún náà tó parí, Lynn ti kọrin lórí ètò Grand Ole Opry ní Nashville.

Gẹ́gẹ́ bí àlàyé Lynn, obìnrin kan tí òun rí tí ó ń sunkún sórí ọtí ni ó mú òun ṣẹ̀dá orin náà. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin ni Lynn nígbà náà, ilé ọkọ ni ó sì wà. Ẹkún ẹlòmíràn ni ó yá.

Àkóónú àti Ọnà Èdè

Ilé ọtí oníjó tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ya lálẹ́ ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní honky tonk. Orúkọ àbùkù ni láti pe obìnrin ní ọmọ ilé ọtí bẹ́ẹ̀. Nínú orin yìí, obìnrin tí olólùfẹ́ rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kì í rí oorun sùn, ìtìjú sì ti bo òun. Ó ní kí wọ́n gbé ohùn ẹ̀rọ orin sókè, kí wọ́n sì bu ọtí kún ife òun kí òun lè ráyè sunkún.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni ìlò arọ́pò-orúkọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkùnrin náà ni obìnrin yìí ń bá wí: "ìwọ" ni ó ń lò. Nígbà tí ó ṣe, ọkùnrin náà di ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n ń wo obìnrin náà nínú ìtìjú rẹ̀ ni ó kọjú sí. Ẹni tí ó lọ ti lọ pátápátá, àwa olùgbọ́ ni ó kù. A kò lè ṣe bí ẹni tí kò rí i mọ́. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Obìnrin yìí ń sunkún, ó sì ń rí wa.

Ohun èlò orin náà kín èyí lẹ́yìn. Gòjé wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni gìtá tí wọ́n ń tẹ́ kalẹ̀, tí wọ́n ń fi irin fà lórí okùn, èyí tí Speedy West ta. Irú gìtá yìí kò ṣàjèjì sí etí àwa Yorùbá, nítorí pé King Sunny Adé mú un wọ inú orin jùjú, Demola Adepoju sì ni ó ń ta á fún un. Nínú orin Lynn, gìtá ni ó ń fa ohùn bí ẹni ń dárò. Ohùn akọrin fúnra rẹ̀ le koko, kò gbọ̀n. Ìyapa yìí fi hàn pé ẹni tí ń sunkún yàtọ̀ sí ẹni tí ń ròyìn ẹkún.

Kùdìẹ̀-kudiẹ Orin Náà

Bí a bá fi tíọ́rì ìṣègbèfábo wo orin yìí, a ó rí àléébù kan. Obìnrin náà di gbogbo ẹrù ẹ̀bi lé orí ara rẹ̀. Kò bi ọkùnrin ní ìbéèrè kankan. Bẹ́ẹ̀, ní ọdún 1952, Kitty Wells ti kọ "It Wasn't God Who Made Honky Tonk Angels", níbi tí ó ti sọ ojú abẹ níkòó pé ọwọ́ àwọn ọkùnrin kò mọ́ nínú ọ̀ràn náà. Wells gba ẹjọ́ obìnrin rò. Lynn kàn gbé obìnrin náà síwájú wa, ó sì fi ìdájọ́ sílẹ̀. A gbà pé àléébù ni, ṣùgbọ́n Lynn kò dúró síbẹ̀. Nínú "Don't Come Home A-Drinkin'", tí ó gba ipò kìn-ín-ní ní ọdún 1967, ọkùnrin ni ó ti ilé ọtí dé, ìyàwó sì ni ó ń ṣòfin fún un.

Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ Lítíréṣọ̀

Kí ló fà á tí ọ̀pọ̀ fi ń ka orin àkọ́kọ́ yìí sí ìtàn ayé Lynn? Ìdí kan ni pé ní ọdún 1970, ó gbé "Coal Miner's Daughter" jáde, èyí tí ó jẹ́ ìtàn ara rẹ̀ ní tòótọ́. Ìwé rẹ̀ ti ọdún 1976 àti fíìmù ọdún 1980 sì jẹ́ orúkọ kan náà. Nígbà tí ó fi kú ní ọdún 2022, gbogbo "èmi" tí ó kọ ni wọ́n ti ń kà sí òun.

Ó yẹ kí ẹni tí ó gbọ́ ẹkún ìyàwó yé irú àṣìṣe yìí. Ní agbègbè Ọ̀yọ́, ìyàwó kì í fúnra rẹ̀ hun gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó fi ń sunkún lọ sílé ọkọ. Ó ti kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. A kì í tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ pé irọ́ ni omijé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kì í gba gbogbo ohun tí ó wí bí ẹ̀rí ní kóòtù. Ọ̀rọ̀ àyálò ni, ojú tí ó ń sun ún ni ó sọ ọ́ di tirẹ̀.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ sínú ìdánwò pé ọ̀mùtí ni Lynn, kí olùkọ́ má kàn fa igi lé e. Kí ó bi í pé: ta ni "èmi" yìí, ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀, kí ni ó sì fẹ́ kí a ṣe? Obìnrin ni irú ìkàkukà bẹ́ẹ̀ máa ń pa lára jù, nítorí pé ẹni tí ó bá kọrin ìyà ni wọ́n ń pè ní oníwàkiwà.

Àsọkágbá

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìtàkété akọrin sí ẹni inú orin kò sọ orin náà di èké. Ohun tí ó bá ojú ni ó bá imú. Ẹkún ẹlòmíràn ni Lynn kọ, ṣùgbọ́n ó rí ẹni tí ń sun ún, kò sì gbójú kúrò. Ohun tí orin náà ń béèrè lọ́wọ́ àwa náà nìyẹn.