Ọba So, Ọba Kò So: Ẹ̀rí Ojú àti Àṣẹ Ẹ̀sìn Nínú Iṣẹ́ Dúró Ládípọ̀

Ní àkókò ọdún Àjíǹde 1961, Dúró Ládípọ̀ gbé orin ńlá kan kalẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo. Ìtàn ikú àti àjíǹde Jésù ni orin náà dá lé. Olùkọ́ ilé-ìwé ni ẹni tí ó kọ ọ́, inú ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀ sì ti ń ṣiṣẹ́ Olúwa. Síbẹ̀, ariwo ta. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú orin ni ó bí àwọn ènìyàn nínú bí kò ṣe ìlù Yorùbá tí ó mú wọ ilé Ọlọ́run. Àwọn tí ó takò ó kò sọ pé irọ́ ni ìlù náà ń pa. Ìlù òrìṣà ni, ibi tí ó ti wá sì tó lójú wọn láti dá a lẹ́bi.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú òpè wo àwọn àgbà ìjọ bẹ́ẹ̀. Etí tí ó ti ń gbọ́ bàtá ní ojúbọ Ṣàngó láti kékeré kò lè gbọ́ ọ bí ìlù lásán, ẹni tí ó sì ti fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́ kò ní fẹ́ kí ohùn ilé náà tún máa pè é láti ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ. Ẹ̀rù wọn ní ìdí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀rí. Bí wọ́n bá ti jókòó ro ọ̀rọ̀ náà, wọn ìbá ti rí i pé orin òyìnbó tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá ni ó ń ba ọ̀rọ̀ Ọlọ́run jẹ́ ju ìlù lọ: bí ohùn orin bá sọ̀ kalẹ̀ ní ibi tí ó yẹ kí ó gòkè, ọ̀run á di ọrùn lẹ́nu akọrin. Ìlù tí ó ń fọhùn kì í ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ní Ẹdẹ tí kò jìnnà sí wọn, Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jọba láti 1946 títí di 1975, jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ó sì jẹ́ ọ̀gá nínú ìlù lílù; kò sí ẹni tí ó rí i kí ìlù gba ìgbàgbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú, Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, tí ó kú ní 1930, ti fi ohùn orin ilẹ̀ wa kọ orin ìjọ tipẹ́tipẹ́. Àṣẹ ti dá ẹjọ́ náà kí àròjinlẹ̀ tó dé ibẹ̀.

Ládípọ̀ wá ibòmíràn lọ. Ní 1962, òun àti Ulli Beier dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí Ọba Mọ́rọ̀ ti jáde. Ní 1963 Ọba Kò So tẹ̀lé e, eré tí ó gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ dé Berlin ní 1964. Ó rọrùn láti wí pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ ìlù rẹ̀ ti padà sọ́dọ̀ Ṣàngó. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ka eré náà kò ní tètè dá irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìbéèrè tí ó dá ìjà sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú rẹ̀ gan-an.

Ẹ wo Gbọ́nkáà. Ṣàngó ti rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ kí ó lè jìnnà sí i. Gbọ́nkáà lọ mú un wá, wọ́n tún jà ní Ọ̀yọ́, ó sì bẹ́ Tìmì lórí. Nígbà tí ìjà kan òun àti ọba, wọ́n sọ Gbọ́nkáà sínú iná, ó sì jáde láìjóná. Bí iṣẹ́ ìyanu bá jẹ́ ẹ̀rí pé ọwọ́ Ọ̀run wà lára ènìyàn, Gbọ́nkáà ni ó yẹ kí Ọ̀yọ́ máa bọ. Wọn kò bọ ọ́. Ọba ni ó fi ìlú sílẹ̀, tí ó dé ìdí igi, tí ó fi okùn sọ́rùn. Ará ìlú wí pé ọba so. Lẹ́yìn náà ni ààrá sán, tí ẹnu kan náà wí pé ọba kò so. Igi kò yí padà, okùn kò yí padà. Ẹni tí iná kò jó kò di òrìṣà. Ẹni tí okùn pa ni ó dì í.

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, ní àlàyé tirẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ ọba lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá láti kọ́ oògùn ààrá; nígbà tí ìjì bá dé, ilé á jó, wọn á sì wí fún ará ìlú pé inú ń bí ọba nítorí pé wọ́n ń pè é ní ẹni tí ó so. Ọ̀rọ̀ olóye ni, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n àlùfáà ìjọ ni Johnson, kò sì fi irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kan àwọn iṣẹ́ ìyanu tí òun fúnra rẹ̀ ń wàásù. Ojú rẹ̀ mú, ilé aládùúgbò ni ó sì fi ń wò.

Ìṣòro yìí kò mọ sí Ọ̀yọ́ àtijọ́. Nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní oṣù Keje 1930, àwọn aṣíwájú Faith Tabernacle péjọ sí Òkè-Òye ní Iléṣà láti jíròrò lórí àwọn ẹ̀kọ́ tí wọn kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí ó ti ń wa katakata tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà rí, wà níbẹ̀. Ìròyìn ìjọ ni pé òkú ọmọ kan jí nípa àdúrà rẹ̀. Àpérò dáwọ́ dúró, ìsọjí bẹ̀rẹ̀, ogunlọ́gọ̀ gbé aláìsàn wá. Ẹni tí ó mú ìbéèrè lọ́wọ́ wá kò tún rí ẹni tí yóò dá a lóhùn. Síbẹ̀, ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àwọn ènìyàn yìí kan náà ni wọ́n bi àwọn ajíhìnrere òyìnbó tí ó ti Bìrìtìkó wá ní ìbéèrè líle: bí Ọlọ́run bá ń wo ènìyàn sàn láìsí oògùn, kí ni ẹ̀yin fi kuníìnì ṣe? Ipò olùkọ́ kò gba òyìnbó sílẹ̀. Wọ́n pínyà, nínú ìpínyà náà ni ìjọ Christ Apostolic Church ti jáde. Ibà kì í gbọ́ àríyànjiyàn, kuníìnì sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè wí pé àwọn ará ibí kò fi orí ro ọ̀rọ̀ wọn. Àròjinlẹ̀ ni wọ́n fi bi àṣẹ wó, kì í sì ṣe kí wọ́n lè kúrò nínú ìgbàgbọ́ bí kò ṣe kí ó lè le sí i.

Ibi tí Ọba Kò So ti kù díẹ̀ káàtó nìyí. Ìbéèrè tí Gbọ́nkáà gbé dìde tóbi, ṣùgbọ́n eré náà parí sí ìyìn, ìyìn náà sì dùn débi pé kò sí òǹwòran tí yóò rántí bèèrè ohunkóhun. Ládípọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe Ṣàngó, bàtá sì ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Ìlù tí àṣẹ ẹ̀sìn lé jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ń bá àṣẹ ẹ̀sìn mìíràn pa àwọn tí ó sọ ohun tí wọ́n rí lẹ́nu mọ́. Lórí pèpéle, ó ṣòro láti dá Ládípọ̀ lẹ́bi, nítorí pé agbára eré náà wà níbẹ̀. Nínú kíláàsì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Kí olùkọ́ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka apá ìparí náà sókè láìsí ìlù, kí wọ́n sì bèèrè lọ́wọ́ ara wọn pé ta ni ó dé ìdí igi, ta ni ó sì gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.