Adébáyọ̀ Fálétí: akéwì nílé amóhùnmáwòrán

Bí mo bá dárúkọ Adébáyọ̀ Fálétí fún àwọn ọ̀dọ́ níbí ní Ọ̀tan Ayégbajú, èsì wọn kì í yàtọ̀: "Prof, ṣé Bàbá Ọ̀pálábà ni?" Mo máa ń ní òun náà ni. Fíìmù Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999 ló sọ ọ́ di ojúlùmọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n inú mi kì í dùn tán. Kí bàbá tó di Ọ̀pálábà, ó ti ṣiṣẹ́ ní WNTV n'Íbàdàn, ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 31 October 1959, ó sì ti ń kéwì kó tó débẹ̀.

Àwọn kan nínú wa máa ń ya méjèèjì sọ́tọ̀: oníròyìn lọ́tọ̀, akéwì lọ́tọ̀. Èmi ò gbà. Ẹ wo Ọmọ Olókùn-Ẹṣin (1969), ìtàn àwọn tó fẹ́ bọ́ lábẹ́ ìsìnrú. Fálétí ò jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo rò ó. Àjàyí sọ tirẹ̀, Ìbíwùmí sọ tirẹ̀, Àyọ̀wí náà sọ tirẹ̀. Iṣẹ́ oníròyìn nìyẹn: ẹ bi ẹlẹ́rìí kan, ẹ tún lọ bá èkejì, kí ẹni tó ń gbọ́ fúnra rẹ̀ wò ó.

Ewì rẹ̀ náà, ìtàn ló fẹ́ràn láti sọ. Rédíò làwọn àgbà wa pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Oníjàálá tó wà lágbo ní ẹlẹ́gbè. Ẹni tó ń kéwì ní sítúdíò ò rójú ẹnikẹ́ni. Kí ni yóò fi dá olùgbọ́ dúró? Ìtàn ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tọ́rọ̀ yóò já sí ò ní pa rédíò. Àmọ́ kí n má purọ́: Ẹ̀dá Kò Láròpin ti wà kí WNTV tó dé. Ọgbọ́n yẹn ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀, sítúdíò kàn bá a ní. Àléébù ẹ̀ lójú tèmi ni pé bí ìtàn bá ti tán tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó máa ń fà á gùn jù.

Ní 1982 ni Ọlátúndé Ọlátúnjí ṣe ìwé lórí ewì rẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, àmì ohùn orí ìwé ń sọ òkè àti ìsàlẹ̀ ni, kì í sọ ibi tí akéwì ti dákẹ́ mí kanlẹ̀. Èmi náà jẹ̀bi. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ yín ní ewì Fálétí, mi ò gbé ohùn rẹ̀ wọ kíláàsì lẹ́ẹ̀kan. Ìwé la ń kà, a ní ewì là ń gbọ́.

Bàbá ti lọ láti 23 July 2017. Bí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá wà nínú àpótí òbí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dà á nù. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì síbi tó ti dákẹ́, kẹ́ ẹ wá fi wé tinú ìwé.