Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Náà Ń Fẹ́ Ìwẹ̀
Àwọn awakọ̀ ojú omi kan gbà pé omi iyọ̀ nìkan ló ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Bí wọ́n bá ti Ọ̀sà Lẹ́kkí, tí omi rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀, dé sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n á kàn gbé e sókè, ó parí. Àwọn tó ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo kan sáárá sí. Wọ́n á kọ́kọ́ tú koríko tó lọ́ mọ́ pùròpẹ́là, wọ́n á wá ki ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì bọ inú àgbá omi kànga, kí omi bo ihò tó ń fà á wọlé. Wọ́n á tan án láìki jíà, ojú wọn á sì wà lára omi tín-ínrín tó ń tú jáde lẹ́yìn. Bí ẹrẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, iṣẹ́ kù. Bí omi kò bá jáde rárá, kí wọ́n pa á kíá, torí rọ́bà tó ń fa omi kì í pẹ́ bàjẹ́ bó bá ń yí ní gbígbẹ. Yanrìn pẹ̀lú máa ń jẹ rọ́bà yẹn, yanrìn ò sì bìkítà bóyá omi níyọ̀. (Àwọn awayanrìn ò kúkú jẹ́ kí ọ̀sà tòrò!) Nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fún àwọn awakọ̀ yín lówó omi.