Ojú Tí Kò Kúrò Lára Jagunjagun

Bí a bá sọ fún ènìyàn pé ogun kò dára, yóò mi orí, yóò sì padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. Sam Mendes kò bá wa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú sinimá rẹ̀, 1917, tí ó jáde ní ọdún 2019. Ó ní kí a dìde kí a máa ká lọ.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1917, ní ilẹ̀ Faransé, a rán ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì, Blake àti Schofield, pé kí wọn la ilẹ̀ tí àwọn ará Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ kọjá, kí wọn fi ìwé lé ọ̀gágun kan lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ìwé náà kò bá dé, 1600 ọkùnrin ni yóò bọ́ sínú ẹbìtì, ẹ̀gbọ́n Blake sì wà nínú wọn.

Roger Deakins, tí ó ya àwòrán náà, ṣe é bí ẹni pé ojú kan ṣoṣo ni ó tẹ̀lé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní òtítọ́, àwòrán gígùn púpọ̀ ni a so pọ̀ tí a fi oríkèé wọn pamọ́, àfi ibi kan tí Schofield dákú tí gbogbo rẹ̀ ṣú. Nítorí náà a kò rí ibi simi. Nínú yàrà, lábẹ́ wáyà ẹlẹ́gùn-ún, láàárín òkú ẹṣin, ibi tí wọ́n fi ẹsẹ̀ sí ni àwa náà fi sí. A gbọ́ tí ẹnì kan ń mí hẹlẹhẹlẹ nítòsí wa. Ó pẹ́ kí a tó mọ̀ pé àwa fúnra wa ni.

Ikú Blake ni ó ga jù nínú iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ òfuurufú Jámánì kan já lulẹ̀ lẹ́bàá abà kan, àwọn méjèèjì sì yọ awakọ̀ rẹ̀ kúrò nínú iná. Schofield lọ pọn omi fún un. Kí ó tó yíjú padà, awakọ̀ náà ti gún Blake lọ́bẹ. Nínú sinimá mìíràn, orin ìbá ti dìde, a ìbá sì ti gbé wa lọ síbòmíràn. Níhìn-ín a dúró. À ń wo ojú ọmọkùnrin náà bí ẹ̀jẹ̀ ti ń fà kúrò níbẹ̀, títí ó fi funfun bí ẹfun. Ó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ bóyá òun ń kú lọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò sì purọ́ fún un.

Ṣùgbọ́n a ní ẹjọ́ kan láti rò. Nígbà tí Schofield dé ìlú Écoust lóru, tí a ń ta iná sójú ọ̀run, tí òjìji ilé wíwó ń rìn lórí ògiri, ẹwà rẹ̀ pọ̀ jù. A gbàgbé ẹni tí ń sá fún ìbọn, a ń yin ẹni tí ó tan iná. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀rù ba wá níbẹ̀ nítorí àwọn ọmọ yín: ọmọdé lè ti ibẹ̀ bọ̀ kí ó máa fẹ́ sáré lábẹ́ iná bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀ a fẹ́ kí àwọn tí ó dàgbà nínú wọn wò ó, nítorí nǹkan kékeré kan. Nínú ìlú náà gan-an, Schofield bá obìnrin kan lábẹ́ ilé, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Wàrà ni ọmọ náà ń fẹ́. Schofield ní i nínú ìgò omi rẹ̀. Ní abà tí Blake kú sí ni ó ti bù ú. Kò sí ẹni tí ó rán wa létí. A wà níbẹ̀ nígbà tí ó bù ú.