Ta Ní Ń Ṣọ̀fọ̀ Ọ̀rẹ́?

Èdè Yorùbá ní orúkọ fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú. Opó ni à ń pè é. Ó ní orúkọ fún ọmọ tí òbí rẹ̀ ti lọ. Ọmọ òrukàn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú ńkọ́, tí àwọn méjèèjì ti jọ wà láti ìgbà èwe títí irun orí wọn fi funfun? Èdè wa kò fún un ní orúkọ kan pàtó. A kì í fá irun fún un, a kì í wọ aṣọ ọ̀fọ̀ sí i lọ́rùn, ẹnikẹ́ni kì í sì bá a ka ọjọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni fíìmù kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2001, Last Orders, gbé ka iwájú mi. Mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò láti Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí a ti mọ̀ bí a ṣe ń sin òkú àgbà.

Fred Schepisi, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, ni ó darí fíìmù náà. Láti inú ìwé ìtàn àròsọ Graham Swift tí ó gba ẹ̀bùn Booker ní 1996 ni ó ti mú un. Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Jack Dodds, alápatà ní Bermondsey ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, kú. Ó ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé kí wọ́n sun òkú òun, kí wọ́n sì lọ da eérú rẹ̀ sínú òkun ní Margate. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta wọ ọkọ̀ kan náà: Ray, akọ̀wé ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí ó máa ń ta tẹ́tẹ́ lórí ẹṣin, Lenny, akànṣẹ́ àtijọ́ tí ó ń ta èso àti ẹ̀fọ́, àti Vic, tí ìsìnkú jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Vince, ọmọ tí Jack gbà tọ́, ni ó ń wa ọkọ̀. Ọjọ́ kan péré ni ìrìn àjò náà.

Ṣùgbọ́n inú ìrántí ni ìrìn náà ti gùn, kì í ṣe ojú títì. Bí wọ́n bá ti dúró níbì kan ni ìtàn ń padà sẹ́yìn: sí ogun àgbáyé kejì ní àríwá Áfíríkà, níbi tí Jack àti Ray ti di ọ̀rẹ́, sí oko kan ní Kent, níbi tí Jack ti kọ́kọ́ rí Amy, aya rẹ̀. Àwọn òṣèré mìíràn ni ó ṣe ìgbà èwe wọn, ojú wa sì ń rí ohun tí ọdún ti mú lọ. Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Àwọn wọ̀nyí ti ṣe é ju ogún ọdún lọ, ìdí nìyẹn tí ìpínyà wọn fi nira.

Mo gbóríyìn fún fíìmù náà nítorí pé kò sọ ọ̀rẹ́ di áńgẹ́lì. Ray ti fẹ́ Amy ní ìkọ̀kọ̀ rí. Lenny di Vince sínú nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ tí Vince fún lóyún tí ó sì fi sílẹ̀. Nígbà tí Vince bu nínú eérú náà tí ó fọ́n ọn sórí oko Kent, Lenny kọjú ìjà sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀yá ìjà lórí pápá. Nígbà náà ni a mọ̀ pé ìbínú wà lára ọ̀fọ̀, àti pé iṣẹ́ tí òkú rán wọn ni ó fipá mú wọn yanjú gbèsè tí wọ́n jẹ ara wọn.

Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ó bá wo fíìmù yìí yóò kọ́kọ́ ta kété: ta ní í sun òkú àgbà? Ẹ jẹ́ kí a rántí, síbẹ̀, pé nígbà ogun àtijọ́, bí jagunjagun bá kú sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n a gé irun àti èékánná rẹ̀ wá sílé kí a lè sin ín. Àwọn tí wọ́n jọ jagun ni ó ń ru ẹrù kékeré náà. Nítorí náà, ìrìn àjò Bermondsey sí Margate kò ṣàjèjì sí wa tó bí a ti rò.

Ìsàlẹ̀ Èkó ní ìrìn tirẹ̀. Ẹ̀yọ̀ Adámú Òrìṣà jẹ́ ètò ìdágbére fún òkú ọba àti ìjòyè kí ó tó di ohun tí àlejò ń wá wò. Ní 2017, ayẹyẹ àádọ́ta ọdún Ìpínlẹ̀ Èkó ni a tìtorí rẹ̀ gbé e jáde. Ẹni tí ó gbé Ẹ̀yọ̀ wọ funfun, ó bo ojú, ó di ọ̀pámbàtà mú, ó sì ń gba Ìdúmọ̀tà àti Ẹnu Ọ̀wá kọjá. Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé ó mú ọ̀fọ̀ kúrò nínú yàrá, ó gbé e sí ojú pópó. Aṣọ funfun kò jẹ́ kí a mọ ẹni tí ń sunkún lábẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kì í gbé Ẹ̀yọ̀ jáde fún gbogbo ènìyàn. Bí alápatà kan bá kú ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ta ni yóò rìn fún un? Àwọn ọmọ yóò pa màlúù, wọn yóò yan aṣọ ẹbí, olórin yóò ki ìdílé. Ọ̀rẹ́ olóògbé yóò jókòó lábẹ́ àgọ́, wọn yóò gbé oúnjẹ fún un, yóò sì gba ẹ̀bùn rẹ̀ lọ sílé. Ní ọjọ́ kejì, yóò padà sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ti jọ ń ta ayò, àyè ẹnì kan yóò sì ṣófo níbẹ̀. Ojú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Schepisi fi sọ ìtàn rẹ̀, ó sì fi ọkọ̀ kan àti ènìyàn mẹ́rin ṣe ẹ̀yẹ fún alápatà.

Fíìmù náà ní àléébù. Jack jẹ gbèsè. Kí ó tó kú, ó fún Ray ní owó pé kí ó fi ta tẹ́tẹ́, ẹṣin náà sì mú owó wálé ní ìlọ́po 33. Èyí rọrùn jù. Òǹkọ̀wé ni ó san gbèsè yẹn. Àwọn ẹ̀dá ìtàn kò làágùn lórí rẹ̀ rárá.

Ibi tí ó dára jù lọ kì í ṣe Margate. Amy kọ̀ láti bá wọn lọ. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìtọ́jú, láti dágbére fún June, ọmọ bíbí inú rẹ̀, tí làákàyè rẹ̀ kò pé láti ìbí. Fún àádọ́ta ọdún ni ìyá fi ń lọ wò ó, ọmọ kò sì mọ̀ ọ́n. Bàbá kò débẹ̀ rí lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ọmọ tí Jack bí kò lè sin ín. Ọmọ tí bọ́ǹbù ogun pa òbí rẹ̀, tí Jack gbà tọ́, ni ó ń wa ọkọ̀. Helen Mirren ṣe Amy láìpariwo. Ó fi hàn wá pé ẹni tí kò tẹ̀ lé òkú náà ní ìrìn tirẹ̀.

Gbọ̀ngàn Glover ní Erékùṣù Èkó ni a ti kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà, ní 1903. Ní 2025, Akinọlá Davies kékeré gbé My Father's Shadow jáde, fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó wọ inú àṣàyàn ojúlówó àjọ̀dún Cannes: bàbá kan mú ọmọ rẹ̀ méjì wá sí Èkó nínú rúkèrúdò oṣù kẹfà ọdún 1993. Ìrìn àjò àti ọ̀fọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọmọ ni ó fi ń wò. Mo ń retí èyí tí yóò fi ojú àgbà wò ó, nítorí nínú púpọ̀ eré wa, kí arúgbó gbàdúrà tàbí kí ó ṣépè ni iṣẹ́ rẹ̀.

David Hemmings tí ó ṣe Lenny kú ní 2003. Bob Hoskins tí ó ṣe Ray kú ní 2014. Nígbà tí mo tún wo ìparí fíìmù náà, tí wọ́n ń bu eérú sínú afẹ́fẹ́ nínú òjò, ọ̀fọ̀ àwọn méjèèjì ni mo ń ṣe. N kò mọ orúkọ tí ó yẹ kí a fún ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a bá ti ká àgọ́ kúrò, ó yẹ kí ẹnì kan lọ jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì náà, kí ó sì bi í léèrè irú ènìyàn tí olóògbé jẹ́.